Iṣẹ́ igi nínú ilé wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ igi lẹ́yìn ilé mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìbéèrè kan náà ni àwọn aládùúgbò, ìbátan àti ọ̀rẹ́ láti Ṣágámù, Ìpẹru títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó ń bi mí. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe káfíńtà: tíṣà wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ìyá olóúnjẹ tí bẹ́ńṣì bùkà rẹ̀ ń mì náà wà níbẹ̀. Mo kó ìdáhùn wọn jọ síbí. Ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ omi inú igi ló ń yọjú ṣáá. Kì í ṣe àsọdùn. Nílẹ̀ olójò bíi tiwa, igi tí kò gbẹ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju àìmọṣẹ́ lọ, ẹni tó bá sì mọ èyí á bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìnáwó.

Ẹ̀gbọ́n, igi wo ni kí n fi kan tábìlì tí yóò pẹ́?

Bí owó bá wà, ìrókò tàbí apá. Ìrókò kì í tètè jẹrà, ikán kì í sì í fẹ́ fẹnu kan àárín rẹ̀ tó pupa rẹ́súrẹ́sú. Ó ní àléébù méjì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Nígbà mìíràn òkúta funfun líle máa ń dì sínú rẹ̀, ayùn tàbí irin pléènì tó bá kàn án á ṣẹ́ lẹ́nu. Èkejì, eruku rẹ̀ máa ń yún ara, ó sì ń mú èèyàn sín. Apá ní tirẹ̀ wúwo, ó le, ọwọ́ á ro yín kí ẹ tó fá a tán, ṣùgbọ́n tó bá ti gbẹ, kì í lọ́, kì í súnkì mọ́ lọ títí. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà káfíńtà fi ń fi ṣe ilẹ̀kùn àbáwọlé.

Ọ̀gànwó, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní mahogany, ló wù mí jù fún ohun inú ilé. Ó rọrùn láti fá, àwọ̀ rẹ̀ dára, ó sì ń gba pọ́líìṣì dáadáa.

Bí owó ò bá tó èyí, ẹ má bọkàn jẹ́. Melina wà. Ẹ̀bá ọ̀dọ̀ wa níbí náà ni wọ́n ti gbìn ín rẹpẹtẹ, nínú igbó ọba tó wà ní Ìjẹ̀bú East tí gbogbo ayé mọ̀ sí J4. Láti 1925 ni wọ́n ti ya igbó yẹn sọ́tọ̀, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó pàtàkì lágbàáyé ní 1977. Erin ṣì wà nínú rẹ̀ dòní. Torí ilé-iṣẹ́ bébà Ìwòpin ni wọ́n ṣe gbin melina síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ káfíńtà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wọlé sí. Igi jẹ́jẹ́ ni. Kò wúwo, kì í yí padà púpọ̀ tó bá gbẹ, ó sì dára fún pẹpẹ, àpótí ìjókòó àti bẹ́ẹ̀dì ọmọdé. Ẹ má ṣáà rì í mọ́lẹ̀, torí kì í bá ọ̀rinrin ilẹ̀ ṣeré.

Arère ni mo máa ń kìlọ̀ lé lórí. Ó funfun, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ ò pọ̀, ayùn ń gé e bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Àmọ́ kòkòrò tó ń sọ igi di ìyẹ̀fun fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Inú dúrọ́ọ̀ nìkan ni mo máa ń lò ó sí, màá sì ti kùn ún lójú àti lẹ́yìn. Tí ẹ bá sì rí igi ọmọ̀ tó dáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn agbẹ́lù rí i rà. Wọ́n nílò rẹ̀ jù wá lọ.

Ṣé sọ́mìlì ni kí n lọ àbí kí n ra á lọ́dọ̀ àwọn tó ń to pákó sí ẹ̀bá títì?

Sọ́mìlì, bí ọkọ̀ bá wà. Ìjẹ̀bú-Igbó ti jẹ́ ìlú onígẹdú látayébáyé, ẹ ó rí igi oríṣiríṣi níbẹ̀, ẹ ó sì lè ní kí wọ́n là á bí ẹ ṣe fẹ́. Ẹni tó ń tà lẹ́bàá títì, ohun tó wà nílẹ̀ ni yóò tà fún yín.

Ibi yòówù kí ẹ lọ, ẹ mú téèpù tiyín dání. Pákó tí wọ́n ń pè ní 2 by 4 kì í sábà pé 2 by 4, bí ẹ bá sì tún fá a, á tún dín. Pákó oníǹṣì 1 lè ku bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì lẹ́yìn tí ẹ bá ti fá ojú rẹ̀ méjèèjì. Gígùn ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12. Ẹ wọn orí rẹ̀ méjèèjì àti àárín, torí pákó tí wọ́n fi ṣéńsọ̀ là nínú igbó máa ń nípọn níbì kan, kó tín-ínrín níbòmíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé orí kan pákó náà sókè dé ìsàlẹ̀ ojú yín, ẹ di ojú kan, kí ẹ fi èkejì wo etí rẹ̀ lọ títí dé ìpẹ̀kun. Bó bá tẹ̀ bí ọrun, ẹ ṣì lè gé e sí kékeré kí ẹ lò ó. Bó bá lọ́ tó jẹ́ pé igun kan gbéra nílẹ̀ nígbà tí mẹ́ta jókòó, ẹ dá a padà. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó ti ń ya. Ẹ wo ibi tí ẹ̀ka ti yọ: tí ojú ẹ̀ka náà bá dúdú tó sì ní àlàfo yí ká, á já bọ́ lọ́jọ́ kan. Kí ẹ sì béèrè bóyá igi náà ní ìwé. Igbó wa ò pọ̀ mọ́, igi tí wọ́n jí gé lóru ò yẹ kó di tábìlì oúnjẹ ẹnikẹ́ni.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé igi ti gbẹ? Gbogbo ẹni tó ń tà á ló ń sọ pé tòun ti gbẹ.

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, mo sì máa pẹ́ lórí rẹ̀ díẹ̀.

Ẹ lè kọ́kọ́ fọwọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé pákó méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba láti inú igi kan náà. Èyí tó fúyẹ́ ló gbẹ jù. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án: igi tútù máa ń tutù lára. Ẹ fi ìka kàn án gbọ̀ngbọ̀n: èyí tó gbẹ á dún ketekete, èyí tó tutù á dún bùm. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, ìfojúdá ni.

Èyí tó dájú nìyí. Ẹ gé ègé kékeré kan láti àárín pákó náà, kì í ṣe ní ẹnu rẹ̀, torí ẹnu ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n tí àwọn aláta ń lò. Ẹ fi sínú ófùn oníná jẹ́jẹ́, tàbí lórí páànù lẹ́bàá ààrò tó ti ń rọlẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kó jóná, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n títí ìwọ̀n rẹ̀ ò fi ní dín mọ́. Ká ní ó jẹ́ gíráàmù 700 tẹ́lẹ̀, tó wá dúró sí 560. Omi tó jáde jẹ́ 140. Ẹ fi 560 pín 140, ẹ ó rí 0.25, ìyẹn ni pé omi inú igi náà jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n igi gbígbẹ. Kò tíì gbẹ rárá. Fún ohun inú ilé nílẹ̀ wa, ìdá 12 sí 15 ló dáa.

Kí ló dé tó fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Igi tútù kì í súnkì títí omi inú rẹ̀ á fi wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 30. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ni ìyọnu ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í súnkì ní gígùn tí ojú fi lè rí i. Ní ìbú ni. Bí ọ̀gá bá kan tábìlì yín tán ní oṣù kẹfà pẹ̀lú igi tó ní ìdá 25, tí ọyẹ́ bá dé ní oṣù kejìlá, ojú tábìlì náà á fẹ́ súnkì, ìṣó á dì í mú, ohun tó kù kò ju kó ya lọ. Àwọn èèyàn á wá máa bú káfíńtà.

Báwo ni mo ṣe máa gbẹ ẹ́ fúnra mi?

Ẹ má sá a sóòrùn. Oòrùn á gbẹ ojú rẹ̀ kíákíá, inú á ṣì tutù, igi á sì ya. Abẹ́ páànù tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló yẹ ẹ́. Ẹ to búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ kí igi lè gbéra tó bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Láàárín pákó kan sí èkejì, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ oníǹṣì kan sí i, kí wọ́n fi bíi ẹsẹ̀ bàtà méjì jìnnà síra. Àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ yìí gbọ́dọ̀ dúró lórí ara wọn tààrà láti ìsàlẹ̀ dókè. Níbi tí wọn kò bá ti tò gún régé ni pákó á ti tẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà kun ẹnu pákó méjèèjì kí omi má sáré gba ibẹ̀ jáde. Ẹ wá gbé nǹkan tó wúwo lé e lórí.

Igi fúyẹ́ oníǹṣì kan lè gbà tó oṣù mélòó kan, ìrókò àti apá á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ra igi ní ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní oṣù kẹwàá, kí ọyẹ́ lè bá mi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Kí ló ń mú ilẹ̀kùn mi há nígbà òjò, tó sì máa ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?

Ó ń mu ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ni, ó sì ń fẹ̀ ní ìbú. Ẹ má sáré gbé pléènì sí i ní oṣù keje. Bí ẹ bá fá a títí tó fi wọlé wẹ́rẹ́ nígbà òjò, nígbà ọyẹ́ àlàfo tí aláǹgbá á gbà wọlé á wà níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ínjìsì rẹ̀. Bí sukúrù ti òkè bá ti tú, ilẹ̀kùn á tẹ̀ sílẹ̀, igun rẹ̀ á máa ha ilẹ̀ tàbí férémù. Kò ní í ṣe pẹ̀lú òjò nígbà náà. Bí ínjìsì bá dára, ẹ mú abala bébà kan, ẹ tì í sáàárín ilẹ̀kùn àti férémù, kí ẹ fà á láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tí bébà bá ti dúró tí kò lọ mọ́ ni ilẹ̀kùn ti ń ha. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí i. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ fá, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

Àtúnṣe gidi ni kíkùn. Ọ̀pọ̀ káfíńtà máa ń fi fáníìṣì kun iwájú àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á gbàgbé orí àti ìdí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni igi ti ń mu omi jù. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ yọ ilẹ̀kùn náà, ẹ kun orí, ìdí àti etí rẹ̀ gbogbo lẹ́ẹ̀mejì.

Irinṣẹ́ wo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Téèpù, pẹ́ńsù, síkúwíà (irin onígun tí a fi ń fa ìlà tó gún), ayùn ọwọ́ kan, òòlù, pléènì kan tí a fi ń fá igi, ṣísẹ̀lì ààbọ̀ íǹṣì àti íǹṣì kan, sukudiráfà, òkúta ìpọ́nrin, àti kíláǹpù bí agbára yín bá ṣe mọ. Ó tán. Ẹ má tíì ra máṣíìnì kankan.

Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá pléènì àti ṣísẹ̀lì tòkunbọ̀. Irin wọn máa ń dára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, ìpáàtà ojú rẹ̀ kì í ṣe nǹkan, ó máa ń yọ. Ohun tí kò ní àtúnṣe ni kí ara pléènì ti sán. Ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò dáadáa níbi ihò tí irin ń gbà yọ kí ẹ tó sanwó.

Ní ti síkúwíà, ẹ dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbé e sí etí pákó tó gún, ẹ fa ìlà kan. Ẹ yí i padà sí òdìkejì, ẹ fa ìlà mìíràn láti ojú kan náà. Bí ìlà méjèèjì bá bára mu, ó péye. Bí wọ́n bá ṣí ẹnu síra wọn, irọ́ ló ń pa.

Ṣísẹ̀lì mi ò gé nǹkan kan mọ́. Ṣé kí n ra òmíràn ni?

Rárá o. Ẹ pọ́n ọn. Irin tó kú lẹ́nu léwu ju èyí tó mú lọ, torí agbára ni ẹ ó máa fi tì í, ibi tó bá ti yọ̀ ọwọ́ yín ló ń lọ.

Ẹ ta òróró tàbí omi sí òkúta ìpọ́nrin. Èyí tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí lò lórí òkúta náà ni kí ẹ máa lò lọ, ẹ má pa méjèèjì pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ẹ̀yìn irin náà pẹrẹsẹ lórí òkúta, kí ẹ fà á títí ẹnu rẹ̀ á fi dán. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo ibi yìí, ìdí sì nìyẹn tí irin wọn kì í fi í mú. Ẹ wá yí ojú rẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sílẹ̀. Ìdàgẹ̀rẹ́ yẹn máa ń jẹ́ dígíríì 25; ẹ gbé ìdí irin sókè díẹ̀ kó di bíi 30, kí ẹ máa tì í lọ tì í bọ̀ láìjẹ́ kí ọwọ́ mì sókè sódò. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò kan ẹ̀yìn irin náà, kí ẹ fà á jáde kúrò ní ẹnu, ẹ má fà á gba ẹnu kọjá o. Ẹ ó rí i pé nǹkan ṣákaṣàka tín-ín-rín kan ti hù sí i láti igun kan dé èkejì. Ìgbà tó bá hù délẹ̀délẹ̀ ni pípọ́n ti dé ẹnu. Ẹ yí i, ẹ fi ẹ̀yìn gbá òkúta lẹ́ẹ̀kan tàbí méjì, ẹ wá fi bẹ́líìtì aláwọ àtijọ́ nù ún.

Ẹ má fi irun apá dán an wò. Ẹ wá ègé arère, kí ẹ gé ẹnu rẹ̀, níbi tí a ti ń rí òrùka igi. Igi rírọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń fọ́ bí irin ò bá mú. Bí ibi tí ẹ gé bá ń dán bí ẹni pé ẹ kùn ún, ó ti tó.

Ẹ ní kí a má ra máṣíìnì. Tí mo bá ti ní ti ara mi ńkọ́?

Ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wo iná tí yóò gbé e. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kì í ju wáàtì 650 lọ. Ó lè gbé dírìlì kékeré. Ayùn oníná tó jẹ́ wáàtì 1,200 ò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láéláé, torí mọ́tò máa ń fa iná tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan. Bí ẹ bá fi dandan lé e, mọ́tò á gbóná, wáyà inú rẹ̀ á jó. Bí iná NẸ́PÀ bá ń ṣẹ́jú bàìbàì, ẹ má tan ayùn, kí ẹ sì yọ ọ́ lára iná bí iná bá lọ nígbà tí ẹ ń gé nǹkan lọ́wọ́. Àìmọye ìjàǹbá ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná bá dé lójijì.

Ìṣó, sukúrù, àbí gọ́ọ̀mù?

Gọ́ọ̀mù funfun, tí àwọn káfíńtà mọ̀ sí Top Bond, ló lágbára jù bí igi méjì bá jókòó léra wọn dáadáa. Ó nílò kí ẹ fún un pọ̀ pẹ̀lú kíláǹpù fún bíi wákàtí kan, kí ẹ má sì gbé ẹrù lé e títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Sukúrù ló tẹ̀lé e. Ẹ lu ihò kékeré kí ẹ tó fi í, pàápàá nínú apá àti ìrókò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ igi á ya tàbí orí sukúrù á já. Ìṣó dára fún òrùlé àti pákó kọnkéré.

Àga oúnjẹ wa ń mì. Mo ti kàn án ní ìṣó mẹ́rin, ó ṣì ń mì.

Ẹ fa àwọn ìṣó yẹn yọ, ẹ jọ̀wọ́. Ìṣó máa ń la igi tó wà ní oríkèé àga ni, bó bá sì ti là, iṣẹ́ á di ńlá.

Ẹ tú àga náà pátápátá. Ẹ fi òòlù tí ẹ wé aṣọ mọ́ gbá àwọn oríkèé tó ti tú wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má fipá tú èyí tó ṣì le. Ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn kí ẹ lè mọ èyí tó bá ihò wo mu. Gọ́ọ̀mù tuntun kì í lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù àtijọ́, torí náà gbogbo àṣẹ́kù rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹ fi aṣọ tí ẹ ti ki bọ fíníígà gbígbóná bò ó, á rọ̀, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ ha á títí igi á fi yọ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bí ahọ́n igi bá ti jẹ kéré sí ihò rẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ ègé igi pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn, kí ẹ fá a títí á fi wọlé pẹ́kípẹ́kí.

Ẹni tí kò ní kíláǹpù, kí ó wá okùn tó lágbára. Ẹ wé e yí ẹsẹ̀ àga ká lẹ́ẹ̀mejì, ẹ so ó, ẹ ti igi kékeré kan bọ àárín okùn méjèèjì, kí ẹ máa yí i. Okùn á máa fún, oríkèé á máa wọlé, gọ́ọ̀mù á máa yọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ nu èyí tó yọ kó tó gbẹ. Ẹ gbé àga náà sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kí ẹ tó fi sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jókòó.

Sukúrù ínjìsì ń yípo, kò mú mọ́.

Ẹ yọ ọ́. Ẹ ṣẹ́ orí igi ìṣáná kúrò, ẹ rì wọ́n sínú gọ́ọ̀mù, ẹ kì wọ́n bọ ihò náà títí á fi kún. Ọjọ́ kejì, ẹ gé wọn dọ́gba pẹ̀lú ojú igi, ẹ lu ihò kékeré, ẹ dá sukúrù padà. Ó máa ń mú gidi. Nínú kábíńẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi bọ́ọ̀dù oníyẹ̀fun ṣe, ó sàn kí ẹ gbé ínjìsì náà sókè díẹ̀ síbi tuntun, torí bọ́ọ̀dù tó bá ti mu omi tó sì wú kì í sọjí.

Ìyẹ̀fun funfun ń dà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi láràárọ̀. Ṣé ikán ni?

Kì í ṣe ikán. Ikán kì í da ìyẹ̀fun. Amọ̀ ni yóò fi ṣe ọ̀nà lára ògiri tàbí ẹsẹ̀ igi. Èyí tó ń da ìyẹ̀fun jẹ́ kòkòrò tó ń gbé inú igi fúnra rẹ̀, ẹ ó rí ihò róbótó tó bí orí abẹ́rẹ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ibi tó funfun lára igi ló ń jẹ, kì í sábà fọwọ́ kan àárín tó dúdú. Kẹrosíìnì tí àwọn èèyàn ń dà sí i kì í wọlé jìnnà, òórùn rẹ̀ ló máa ń kù síbẹ̀. Ẹ ra oògùn igi, ẹ fi sírìńjì fún un sínú ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun ojú tí kò ní fáníìṣì, kí bẹ́ẹ̀dì náà wà níta fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó sùn lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fáníìṣì kun gbogbo ara rẹ̀, títí kan abẹ́. Kòkòrò yìí máa ń wá igi tó wà ní ìhòòhò láti yé ẹyin sí ni.

Ní ti ikán fúnra rẹ̀, wíwó ọ̀nà amọ̀ rẹ̀ ò tó, á tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ wá ibi tó ti ń jáde láti ilẹ̀, ibẹ̀ ni oògùn ikán ń lọ. Bí kànga bá wà nítòsí, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ má da oògùn sílẹ̀ fúnra yín. Kí ẹ sì fa wọ́dúróòbù kúrò lára ògiri díẹ̀ kí ẹ lè máa rí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ṣé ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà jáde lára ọkọ̀ dára fún igi?

Kí ẹ má gbé e wọnú ilé. Kì í gbẹ, ó ń ba aṣọ jẹ́, ìdọ̀tí irin ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ sì lóró. Fún igi òrùlé, ẹ lo oògùn igi tí wọ́n ń pè ní solignum, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó bò ó.

Kí ni kí n fi pa pákó tí a ń gé ẹran lórí rẹ̀?

Kì í ṣe fáníìṣì. Ọ̀bẹ á máa gé e bọ́ sínú oúnjẹ. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e dúró lóròó kó gbẹ níwájú àti lẹ́yìn. Bó bá ń gbẹ ṣákaṣàka, liquid paraffin tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ni kí ẹ fi pa á. Epo pupa á máa kan.

Mo kun tábìlì ní lákà, ojú rẹ̀ funfun bí ìkùukùu.

Ọjọ́ òjò ni ẹ kùn ún. Bí tínà ṣe ń gbẹ, ó ń mú ojú igi tutù, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wá ń bọ́ sínú lákà tí kò tíì gbẹ. Ẹ dúró de ọjọ́ tí oòrùn ràn, ẹ fọ́n tínà díẹ̀ sí i fẹ́ẹ́rẹ́, yóò mọ́. Kí ẹ má gba iṣẹ́ kíkùn kankan láàárín òjò, bí wọ́n bá tilẹ̀ ń lé yín.

Kí ẹ tó kun nǹkan, sáńpépà nọ́ńbà 80 ni ẹ ó kọ́kọ́ lò, ẹ ó lo 120, kí ẹ fi 180 parí rẹ̀, kí ọwọ́ yín máa tọ ìlà igi lọ. Bí ẹ bá dá a kọjá ìlà, àpá rẹ̀ á hàn gbangba lábẹ́ fáníìṣì. Aṣọ tí ẹ fi nu òróró linseed, ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ. Bí ẹ bá ká a jọ sí kọ̀rọ̀, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí á fi gbiná.

Ṣé eruku igi burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ?

Ó burú. Láti 1995 ni àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, pàápàá ti imú. Mansonia le jù nínú igi wa. Àwọn kan kì í lè mí dáadáa lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e. Ẹ bo imú àti ẹnu, ẹ wọ awò, ẹ ṣiṣẹ́ níta, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ilẹ̀. Kí àwọn ọmọdé má ṣeré níbẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, tí eruku kún ojú wọn, tí ọ̀gá ò sì ra ìbòmú kan ṣoṣo fún wọn.

Kí ni kí n kọ́kọ́ kàn?

Àpótí ìjókòó. Ẹ ra pákó melina 1 by 10, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àbọ̀. Ẹ gé ìjókòó ní íǹṣì 16. Ẹ gé ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan íǹṣì 10, kí ìlà igi dúró lóòró nínú wọn. Ìdí ni pé báyìí, ìbú ìjókòó àti ìbú ẹsẹ̀ kọjú síbì kan náà, bí òjò bá dé wọ́n á jọ fẹ̀, bí ọyẹ́ bá dé wọ́n á jọ súnkì, kò sẹ́ni tó máa fa èkejì ya. Ẹ gé àlàfo onígun mẹ́ta kan sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó lè jókòó lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú.

Ẹ fi ẹsẹ̀ sí íǹṣì kan sínú láti orí ìjókòó. Igi tó máa so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ lábẹ́, íǹṣì mẹ́rin ní ìbú, ẹ gé e kẹ́yìn. Gígùn rẹ̀ á tó íǹṣì 12 tàbí kó lé díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìwọ̀n orí bébà gé e. Ẹ gbé ẹsẹ̀ dúró sí àyè wọn, ẹ wọn àlàfo náà gan-an. Gọ́ọ̀mù ní gbogbo oríkèé, sukúrù íǹṣì méjì àbọ̀ láti òkè wọ inú ẹsẹ̀ àti inú igi àárín, méjì méjì láti ara ẹsẹ̀ wọ ẹnu igi àárín. Igi àárín yẹn ló gbé iṣẹ́, torí sukúrù kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ní ẹnu igi. Ẹ fi sáńpépà bu gbogbo etí rẹ̀ rọ kí ó má gé ọmọ lẹ́sẹ̀.

Nígbà wo ni kí n pe káfíńtà?

Bó bá kan òrùlé, àtẹ̀gùn, férémù ilẹ̀kùn àbáwọlé, tàbí kábíńẹ́ẹ̀tì kíṣìn odidi. Kí ẹ jọ kọ orúkọ igi, bó ṣe nípọn tó àti irú ínjìsì sílẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ bi í ní igi tó ní nílẹ̀, ẹ lọ fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ ò ní bínú, inú rẹ̀ á dùn pé ẹ bìkítà.

Ẹ má gbé iṣẹ́ fún wọn nígbà tí Iléyá bá kù díẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, gbogbo ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ń retí àlejò, gbogbo wọn ló fẹ́ àga tuntun, igi tútù sì ni wọ́n á fi bá ọjọ́ yẹn. Kérésì náà bẹ́ẹ̀. Ẹ sanwó igi ní oṣù kẹwàá, kí ọ̀gá tò ó sábẹ́ páànù rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ yín lára rẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kàn án ní oṣù kejì tàbí ìkẹta.